Ta Ló Gbẹ́ Àjẹ̀ Náà?

Ní sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá, olùkọ́ wa kan kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sójú pátákó, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ àmì ohùn orí wọn kúrò. Ó ní ká pè wọ́n, ká sì sọ ìtumọ̀ wọn. Nígbà tó tọ́ka sí àkọ́kọ́, gbogbo kíláàsì pariwo pé "ajé!" Ó tọ́ka sí ìkejì, wọ́n ní "àjẹ́!" Ẹ̀rín sọ. Nígbà tó kan ìkẹta, kíláàsì dákẹ́. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ajẹ, bí i ti ajẹgbèsè." Olùkọ́ ní òun ò bi yín léèrè ajẹgbèsè. Mo nawọ́ sókè, mo ní, "Àjẹ̀ ni, sà. Igi tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ lójú omi." Ọmọkùnrin tó jókòó níwájú mi yíjú padà, ó ní, "Ṣé paddle lò ń pè bẹ́ẹ̀?" Ẹ̀rín tún sọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Alájẹ̀, àwọn aláìbìkítà sì ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ohùn rẹ̀ pè kí ó lè dún bí ohun tí ẹ̀yin náà mọ̀. Mo ti gbà fún wọn.

Ẹ má rò pé ìwé ni mo kà. Etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́. Bí ọmọ télọ̀ ṣe ń mọ abẹ́rẹ́ ni mo ṣe mọ àjẹ̀, nítorí Bàbá àgbà mi, bàbá tó bí bàbá mi, ló ń gbẹ́ ẹ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwa tí à ń kọ́ Yorùbá yìí, ojoojúmọ́ là ń lo ọ̀rọ̀ tí àjẹ̀ bí, a ò sì mọ ìyá rẹ̀. Ẹ wo "awakọ̀". Lónìí, ẹni tó ń wa dánfó ni. Ṣùgbọ́n kí mọ́tò kankan tó tẹ ilẹ̀ yìí, ọkọ̀ ti wà, orí omi ló sì wà. "Wà" tó wà nínú awakọ̀, iṣẹ́ apá ni: kí o ki igi bọ omi, kí o fà á sẹ́yìn, kí ọkọ̀ sún síwájú. Nígbà tí ohun onítáyà dé, a kàn gbé orúkọ ti omi fún un ni. Ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òfurufú, ọmọ ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo wọn. Kódà èbúté, tí a wá ń lò fún ibi tí bàálù ń balẹ̀ sí, etí omi ló ti wá. Awakọ̀ dánfó tó ń bú èrò rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ta, àjẹ̀ kan wà ní ọwọ́ rẹ̀ tí kò mọ̀.

Kí n ya nǹkan kan sọ́tọ̀ kí n tó máa lọ. Àjẹ̀ tiwa kò so mọ́ ọkọ̀. Ọwọ́ méjèèjì lo fi dì í mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, o sì kọjú síbi tí ò ń lọ. Èyí tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Òyìnbó ń lò gùn ju tiwa lọ fíìfíì, ó sinmi lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níbi tí irin tàbí igi ti dì í mú, ẹni tó ń fà á sì kẹ̀yìn síbi tó ń lọ. Yorùbá pe méjèèjì ní àjẹ̀. Ìwé Èsékíẹ́lì orí 27 sọ pé igi óákù Báṣánì ni wọ́n fi ṣe àjẹ̀ ọkọ̀ Tírè; irú ti àwọn akẹ̀yìn-síbi-tí-wọ́n-ń-lọ nìyẹn. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Bàbá àgbà, ó wò mí títí, ó ní, "Wọ́n kẹ̀yìn síbi tí wọ́n ń lọ, wọ́n sì dé ibí?"

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe ń gbẹ́ ẹ.

Igi ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ìrókò le, ó ń pẹ́ nínú omi, wọ́n ń fi gbẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ máa gbé ìrókò sókè kí ẹ máa rì í bọ omi láti àárọ̀ títí dé ìgbà tí ẹ máa fi la ọ̀sà kọjá, ẹ ó mọ ìdí tí Bàbá àgbà kì í fi í fi gbẹ́ àjẹ̀. Afàrà ló fẹ́ràn, nítorí ó fúyẹ́, inú rẹ̀ sì gún. Kì í wá ṣe gbogbo afàrà o. Tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń la pákó, á yọ ọ̀kan, á gbé e sójú bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn fún ẹyẹ, á wo bí ìlà inú igi ṣe sáré. Bí ìlà náà bá sáré tààrà látòkè délẹ̀, ó gbà á. Bó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí bí kókó bá wà níbi tó máa di ọrùn, ó dá a padà, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Ọrùn ni àjẹ̀ ti ń ṣẹ́. Gbogbo agbára apá ènìyàn àti gbogbo agídí omi, ọrùn ni wọ́n ti ń pàdé.

Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, wọn kì í ra pákó. Ìtì igi ni wọ́n ń là, wọ́n á gbá èèkàn igi líle sínú rẹ̀ títí yóò fi sán. Igi tí a là máa ń tẹ̀ lé ìlà ara rẹ̀. Ayùn ní tirẹ̀ kì í bi igi léèrè kó tó gé e.

Lẹ́yìn igi, ó kan ẹni tó ni àjẹ̀. Bàbá àgbà kì í gbẹ́ àjẹ̀ fún ẹni tí kò rí. Wàá bọ́ bàtà, wàá fẹ̀yìn ti ògiri, á fi èédú fa ìlà síbi tí àgbọ̀n rẹ mọ. Gígùn àjẹ̀ rẹ nìyẹn. Ti ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà máa ń gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, apá tó ń wọ omi á sì fẹ̀ díẹ̀ sí i. Ti obìnrin tó ń ná ọjà, á béèrè ohun tó ń tà. Ó ní ẹni tó ń kó ẹja gbígbẹ àti ẹni tó ń kó ẹ̀gẹ́, ọkọ̀ wọn kò rì sómi bákan náà. Ẹ rí i, àwa tí à ń ra bàtà ní bẹńdán-dáùn, tí à ń fi ìwé rọ̀bì kún imú rẹ̀ kó lè gba ẹsẹ̀ wa, a ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní nǹkan tí wọ́n wọ̀n mọ́ni lára.

Father Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì tó bá àwọn agbẹ́gilére Èkìtì ṣiṣẹ́, gbé ìwé kan jáde ní 1967 lórí iṣẹ́ wọn. Níbẹ̀ ló ti to ipele mẹ́rin tí wọ́n ń tẹ̀ lé: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Mo kà á ní láíbìrì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo, nítorí mo ti rí mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ilé wa láì mọ̀ pé wọ́n ní orúkọ. Bàbá àgbà kì í fín nǹkan kan sára àjẹ̀. Ó ní ta ló máa wo òdòdó lábẹ́ omi?

Àáké ló fi ń lé e. Ègé igi ńláńlá á máa fò, àwọn adìyẹ á sá. Láàárín wákàtí kan, pákó yẹn á ti ní èjìká àti ọrùn. Lẹ́yìn náà ló máa mú irinṣẹ́ kékeré kan tó tẹ̀ bí ọkọ́, á máa ha igi bọ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á sì di igi náà mú. Ibí ni ọgbọ́n wà. Apá pẹlẹbẹ tó ń wọ omi kò gbọdọ̀ rí bákan náà látòkè délẹ̀. Àárín rẹ̀ ga díẹ̀ bí egungun ẹ̀yìn ẹja, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á máa fẹ́lẹ́ lọ. Bó bá fẹ́lẹ́ jù, á fọ́ lọ́jọ́ tó bá kan òkúta. Bó bá nípọn jù, á máa gbá omi bí ìlẹ̀kùn, ariwo rẹ̀ á sì lé ẹja lọ kí apẹja tó da àwọ̀n. Ibi ọwọ́ òkè, ó máa ń dá a dúró ní roboto kí àtẹ́lẹwọ́ lè bò ó. Kò sí ohun èlò ìwọ̀n kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ló fi ń yẹ nínípọn rẹ̀ wò, ó di ojú rẹ̀ méjèèjì.

Dídán ni iṣẹ́ tèmi. Àfọ́kù ìgò la kọ́kọ́ fi ń ha á, lẹ́yìn náà ewé ìpín. Ẹni tí kò bá mọ ewé ìpín, kó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbàgbé: ojú rẹ̀ gba igi bí ìwé ìha-igi tí àwọn kápẹ́ńtà ń rà. Mo lè fi wákàtí méjì ha àjẹ̀ kan, títí eruku rẹ̀ á fi dà bí èlùbọ́ lórí itan mi. Lẹ́yìn èyí, àdí àgbọn. Lẹ́yìn àdí, ó máa fi ìka kan gbé e níbi ọrùn, á wo ibi tó máa rọ̀ sí. Á fi ẹnu rẹ̀ gún ilẹ̀, á fara tì í, á wò ó bó ṣe tẹ̀ tó sì nà padà. Èyí tí kò bá nà padà, kì í tà á.

Ohun tí mi ò tíì dárí rẹ̀ jì í títí di òní ni pé kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan àáké. "Obìnrin kì í gbẹ́gi níwájú mi." Bẹ́ẹ̀ òun náà ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ìyá àgbà mi ló sì ń fi apá ara rẹ̀ wa ẹja dé ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, tó ń padà lálẹ́, tó tún ń dáná. Kò rí ìjà kankan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tó gbé mi dédìí ìtàn ni pé, nígbà tí à ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà, gbogbo orúkọ ló wà níbẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó kú ní 1938. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ dé ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, ó sì wà ní British Museum di òní. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ń dúró sójú kan, ọba ló sì ni ín. Àjẹ̀ ń jẹrà nínú omi, ó ń sán nínú oòrùn, lọ́jọ́ tó bá sì ṣẹ́, abẹ́ ìkòkò ló ń lọ. Afi tó bá ní oríire kó rì sínú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kì í dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí èyí tí wọ́n wú ní Star Carr, ní Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà ìwúlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1949. Igi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 11,000. Nílẹ̀ tiwa níbí, ní 1987, darandaran kan tó ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ibi tí à ń pè ní ìpínlẹ̀ Yobe báyìí, kan igi. Ọkọ̀ ojú omi ni, gígùn rẹ̀ lé ní mítà mẹ́jọ, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó ọdún 8,000. Ẹnì kan gbẹ́ ọkọ̀ yẹn, ẹnì kan sì fi igi tì í kiri lórí omi.

Ní ti omi tiwa, ìtàn tí mi ò lè gbàgbé ni ti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí. Ní 1821, wọ́n kó ìlú Òṣoògùn, wọ́n sì mú un lẹ́rú, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá lọ. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi kan àwọn tó máa gbé e lọ sí Èkó. Gbogbo wa mọ ohun tó padà dà: Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tó to ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, tí àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ka lẹ́tà tó kọ ní 1837 láti Fourah Bay. Ó sọ níbẹ̀ bí ẹ̀rù omi ṣe bà á ju ohunkóhun lọ. Wọ́n ní kó rìn bọ́ sínú omi lọ bá ọkọ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ìṣísẹ̀ tó kàn ló máa gbé e lọ sísàlẹ̀. Ilẹ̀ ń ṣú, àwọn ọlọ́kọ̀ ò sì ní àkókò láti fi ṣòfò, ni wọ́n bá gbé e, wọ́n gbé e sáàárín àwọn àpò àgbàdo, wọ́n fún un ní àbàlá kan kó fi jẹun alẹ́. Kò jẹ ẹ́. Bó ṣe jókòó náà ló wà mọ́jú, àbàlá ní ọwọ́ rẹ̀, títí wọ́n fi gúnlẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí.

Mo ka ibi àbàlá yẹn, mo pa ìwé dé. Ó rántí oúnjẹ, ó rántí àpò, ó rántí aago tí wọ́n gúnlẹ̀. Ti àwọn tó wa ọkọ̀, ohun tí a mọ̀ kò ju pé wọ́n ń kánjú lọ. Láti ìrọ̀lẹ́ dé ìdájí, ẹnì kan ń ki igi bọ omi, ó ń fà á, ẹ̀yìn tàbí iwájú ọmọ yẹn ló wà. Ta ni? Igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló wọ̀n ọ́n mọ́ àgbọ̀n rẹ̀, ta ló fi ewé ìpín dán an tí kò fi hó lọ́wọ́ rẹ̀ lóru mọ́jú?

Ẹ má rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni àjẹ̀ mọ̀. Ní ilẹ̀ Benin, lórí adágún Nokoué, Ganvié wà níbẹ̀, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó nínú omi. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé láyé òwò ẹrú, àwọn baba ńlá wọn sá fún àwọn ọmọ ogun Dàhómì, wọ́n sì forí lé omi nítorí èèwọ̀ ni fún àwọn tó ń lé wọn láti bá wọn débẹ̀. Àjẹ̀ ló gbà wọ́n. Igi kan náà, omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà.

Báyìí ló kan ilé wa. Ní November 1851, àwọn Òyìnbó gbé ìjà ko Ọba Kòsọ́kọ́ l'Ékòó. Àwọn ọmọ ogun wọn fi ọkọ̀ kéékèèké wọlé, èyí tí a ń kẹ̀yìn fà. Èkó lé wọn padà. Wọ́n tún dé lẹ́yìn Kérésìmesì. Ọkọ̀ ogun wọn tó ń jẹ́ Bloodhound, irin ni, kẹ̀kẹ́ àjẹ̀ ńlá ló wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì tí sítíìmù ń yí. Èkejì, Teazer, lọ gúnlẹ̀ sórí yanrìn ọ̀sà, kò lè lọ kò lè bọ̀. (Bàbá àgbà fẹ́ràn ibí yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní ká ní wọ́n kọjú síbi tí wọ́n ń lọ ni.) Síbẹ̀ àgbá wọn ju ti Èkó lọ, ilé jóná, nígbà tó sì máa fi di òpin oṣù náà, Kòsọ́kọ́ ti bá omi lọ. Wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè. Kòsọ́kọ́ dé Ẹ̀pẹ́, àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀ dó síbẹ̀, àwọn la fi ń pe apá kan ìlú náà ní Èkó Ẹ̀pẹ́ títí dòní, tí apá kejì jẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Ní 28 September 1854, òun àti Òyìnbó tọwọ́ bọ̀wé ní Ẹ̀pẹ́. Ní 1862 ló padà sí Èkó, ní 1872 ló kú níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé àánú ẹrú nìkan ló gbé Òyìnbó wá. Ní 1861 wọ́n ti gba ìlú náà pátápátá.

Nínú ẹbí wa, wọ́n ń sọ pé ẹnì kan tiwa wà nínú àwọn ọkọ̀ tó bá Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó. Kì í ṣe ìjòyè o. Ó ń wa ọkọ̀ ni, ó sì ń gbẹ́ àjẹ̀. Ẹnu gbogbo wa ni ìtàn yìí ti ń dùn láti kékeré. Àfi ìgbà tí mo ka lẹ́tà Àjàyí. Òwò ẹrú wà lára ohun tó sọ Kòsọ́kọ́ di ọlọ́rọ̀, ìwé ìtàn kò fi bò. Mo wá bi ara mi: kí 1851 tó dé, kí ni bàbá yẹn ń wà?

Nígbà tí mo lọ sílé ní ọlidé, mo bi Bàbá kékeré mi léèrè, nítorí Bàbá àgbà ti kú. Ó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, ṣé wọ́n sọ fún yín rí bóyá bàbá wa tó wá láti Èkó, bóyá wọ́n ń gbé ẹrú?"

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì nìyẹn?"

Mo ní, "Rárá, sà, èmi ni mo fẹ́ mọ̀."

"O fẹ́ mọ̀, àbí o fẹ́ kọ ọ́? O fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé bàbá wa ta ọmọ ọlọ́mọ?"

Mo dọ̀bálẹ̀ tán bí ọkùnrin, mo tún kúnlẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, tí a jọ ń kó ẹja sínú apẹ̀rẹ̀, òun ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Bàbá sọ fún mi pé bàbá tiwọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa wa ọkọ̀ lálẹ́. Kì í ṣe nítorí ìjì. Wọ́n ò sọ ìdí." Ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó lọ. Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò sì tún béèrè mọ́.

Àwọn kan nínú yín á ní kí ló dé tí mi ò kọ ewì ìfẹ́ bí i ti ìtẹ̀jáde tó kọjá. Ó dáa, ẹ gba ti ìfẹ́. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ole Evinrude, Norway ni wọ́n bí i sí, Amẹ́ríkà ló ti ṣiṣẹ́ ní Milwaukee. Wọ́n ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, ó fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ la adágún kọjá lọ ra áísìkirimù fún omidan tó ń fẹ́, kó tó dé, áísìkirimù ti di omi. Inú bí i. Ní 1909 ló gbé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ jáde fún títà. Yamaha bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ ní 1960, òun ló sì wà nídìí ọkọ̀ Bàbá kékeré mi. Áísìkirimù ló pa iṣẹ́ Bàbá àgbà mi.

Mo ń ṣeré ni. Mi ò lè bá ẹ́ńjìnnì jà. Ìyá àgbà mi ní ká ní ó tètè dé ni, ká ní èjìká òun ò ti bàjẹ́, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ ju èmi tí mò ń kọ̀wé lọ. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà dín kù títí. Àjẹ̀ kan ṣoṣo ni olúkúlùkù wá ń fi sábẹ́ ìjókòó, nítorí ọjọ́ tí epo bá tán láàárín ọ̀sà. Kò sẹ́ni tó tún ń fẹ̀yìn ti ògiri kí wọ́n fi èédú sàmì sí i. Ní ọdún márùn-ún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ọmọ orógùn ni Bàbá àgbà ń gbẹ́ fún àwọn ìyá olóúnjẹ tó ń se àsè, èyí tó gùn tí wọ́n fi ń ro àmàlà nínú ìkòkò ńlá. Bó ṣe ń gbẹ́ àjẹ̀ náà ló ń gbẹ́ wọn, àárín ga, ẹ̀gbẹ́ fẹ́lẹ́. Ó ń pè wọ́n ní àjẹ̀ ọkà. Ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín náà kì í pẹ́.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ní kí n wá fẹ̀yìn ti ògiri. Pákó afàrà kan ni, ó wọ̀n ọ́n, ó lé e, ó ti ní ọrùn àti èjìká. Àìsàn dé kó tó tún un lé. Orí àjà ló wà láti ìgbà náà. Ní ọlidé yẹn, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo nà á mọ́ ara mi. Èjìká mi ló mọ. Bàbá kékeré ní, "Ó ti kúrú fún ẹ. Jẹ́ kí n fi ṣe ìjókòó." Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má fọwọ́ kàn án. Ó wò mí, ó wọlé, ó mú àáké Bàbá jáde pẹ̀lú irinṣẹ́ kékeré yẹn, ó kó wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sọ̀rọ̀, ó sì lọ wo ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Mo ti ba ọrùn rẹ̀ jẹ́. Ó tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì, mo sì gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan fẹ́lẹ́ ju ìkejì lọ. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì báyìí, níbi tí rúùmùméètì mi ń sá táwẹ́ẹ̀lì lé e. Mo fẹ́ dán an kí sẹ̀mẹ́sítà yìí tó parí. Ìwé ìha-igi ti àwọn kápẹ́ńtà ò bá a lára mu. Ẹni tó bá mọ ibi tí igi ìpín wà nínú ọgbà yunifásítì yìí, kó jọ̀ọ́, kó béèrè Alájẹ̀ ní ẹ̀ka Yorùbá.